Nígbà Tí Ìjọba Fọwọ́ sí Owó Àìlera Dwight

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa.

Ní Alabama níbí, ìjọba ti fọwọ́ sí owó àìlera Dwight, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ni wọ́n máa ń dá èèyàn dúró kí owó tó bẹ̀rẹ̀.

Onílé Dwight àti Wanda ìyàwó rẹ̀ ò lè dúró de owó ilé tó bẹ́ẹ̀.

"Èmi náà dúró, àbúrò," ni Earline aládùúgbò wọn ń wí. "Ẹ̀wà tí mo jẹ nígbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ hù lórí mi!"

Wanda ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ò lè gbé fóònù mọ́, Wanda ló wá pe ọ́fíìsì ìjọba láti bẹ̀bẹ̀ kí owó náà tètè jáde.

"Oṣù tó ń bọ̀ lowó yín máa wọlé, mà," ni obìnrin ọ́fíìsì wí.

"Halelúyà! Oṣù márùn-ún ńkọ́?"

"Wọn kì í dá ẹni tó ní irú àìsàn yìí dúró."

"Kí ló dé?"

Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mo rò pé ẹ ti mọ̀ ni, mà. Àwọn tó ní àìsàn yìí kì í sábà pẹ́ láyé."

Wanda yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Dwight, ṣebí o ní dókítà sọ pé o máa tó gbádùn?"

"Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ yọ̀ ná," ni Dwight wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Olúwa fi ọjọ́ kún ọjọ́ yín. Àmín.