Ọ̀pá Adelheid

Ìgbà òtútù tí Adelheid dùbúlẹ̀ àìsàn ló kọ orin kan fún fíólà ọkọ rẹ̀. Fíólà ni ẹ̀gbọ́n fáyólìn, ohùn rẹ̀ wúwo díẹ̀, àwọn ará ìlú Leipzig kì í sì í fún un ní orin tí á dá ta. Àárín ni wọ́n ń tì í sí, bí àlejò tí wọ́n pè síbi oúnjẹ tí wọn ò fún ní ṣíbí. Àárín yẹn ni Leberecht ọkọ rẹ̀ ti jókòó láti ìgbà èwe.

"Mo fẹ́ gbọ́ orin yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí àṣìṣe," ni Adelheid wí fún un. "Tí mo bá ti gbọ́ ọ, ó parí. Mo lè máa lọ."

Dókítà ti ní kò sí oògùn mọ́. Ó ní kò yé òun bí obìnrin náà ṣe ṣì ń mí.

Lọ́sọ̀ọ̀sán, Traugott, àbúrò Adelheid, á wá tẹ dùùrù ní pálọ̀, Leberecht á gbé fíólà lé èjìká. Adelheid wà lókè orí wọn. Àdéhùn ni pé tí ohùn kan bá ti ṣì, á fi ọ̀pá rẹ̀ lu pákó ilẹ̀ yàrá, wọ́n á dáwọ́ dúró, ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ kìíní, ojú ìwé kejì ni Leberecht ti ṣìnà. Kó, kó. Lọ́jọ́ kejì ó gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó wá ṣubú níbi tó rọrùn jù. Kó, kó.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ iléèwé á ta ibẹ̀ yẹn!" ni Traugott wí. "Abájọ tí wọ́n fi ní ẹni tí fáyólìn kọ̀ ló ń ta fíólà."

"Wọn ò parọ́." Leberecht ń nu okùn fíólà rẹ̀. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé a ó tún gbìyànjú lọ́la."

Adelheid ń gbẹ lọ. Omi ọbẹ̀ nìkan ló ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀ ló ń béèrè bóyá Traugott ń bọ̀.

"Ẹ dákun, ẹ ṣàánú ẹ̀gbọ́n mi," ni Traugott bẹ̀ ẹ́. "Ṣé bó ṣe máa kú nìyí, láìgbọ́ orin ara ẹ̀?"

Leberecht ṣí ìwé orin padà sí ojú ìwé kìíní.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ọ̀pá náà dún níbi tí Traugott kò ti gbọ́ àṣìṣe kankan.

"Ibẹ̀ yẹn mà dáa o!"

"Òun ló kọ ọ́," ni Leberecht wí, ó sì yára gbé fíólà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣi ohùn kan gbangba. Òkè dákẹ́. Ó padà síbẹ̀, ó tún ṣì. Òkè dákẹ́. Ó ń ta á lọ kíkankíkan, omijé ń dà lójú rẹ̀, títí Traugott fi sáré gun àtẹ̀gùn.

Wọ́n sin Adelheid. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ti lọ tán, Traugott ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ ò lè ṣe é."

Leberecht gbé fíólà lé èjìká, ó ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé, kò sí ohùn kan tó ṣì níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ta á rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo, níbi tí Adelheid kò ti lè gbọ́, lọ́jọ́ tí yíǹkì ìwé orin náà kò tíì gbẹ.