Níbi Tí Ojú Kì í Dé

Lẹ́yìn oúnjẹ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ìparí oṣù kọkànlá, Aili dìde láti lọ sí ilé ìwẹ̀. Ilẹ̀kùn àjà-ilẹ̀, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ṣí, ó sì ṣubú sórí àtẹ̀gùn ibẹ̀. Kò fara pa. Ṣùgbọ́n ìṣojú Marlene ọmọ rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ilé ìwẹ̀ ilé ara yín mọ́," ni Marlene wí. "Màámi, tí mo bá padà wá ṣáájú Kérésìmesì tí ilé yìí ṣì rí báyìí, tí ẹ sì ń ṣubú nínú rẹ̀, ẹ ó bá mi lọ sí ìlú Green Bay."

"Reino bàbá rẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yìí fún mi," ni Aili dá a lóhùn. "Ọjọ́ tí mo bá kú ni mo máa kúrò níbẹ̀. Mi ò sì tíì kú."

Marlene lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Aili bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Toivo aládùúgbò rẹ̀ kó èso igi páìnì gbígbẹ wá fún un nínú garawa. Ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Gbogbo ará Hancock ń ṣe ojúde ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́," ni Toivo wí. "Ìwọ ń so agogo mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ta ló ń bọ̀ wá kí ẹ níbẹ̀, áńgẹ́lì?"

"Ìwọ ni. Tí o bá wọ ibẹ̀, àfi ká máa dúró de ìpadàbọ̀ rẹ."

"Ìta ńkọ́? O ò ní ṣe ìta?"

"Àwọn tó ń kọjá ló ni ìta. Èmi ni mo ni inú ilé. Gbé garawa yẹn sílẹ̀ kí o máa lọ."

Iṣẹ́ náà kò le. Kò gbà ju òwú, gọ́ọ̀mù àti sùúrù lọ. Ó lẹ èso páìnì kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ igi tí wọ́n ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó lẹ méjì mọ́ òpin rẹ̀. Ó gún kànáfùrù mọ́ ara ọsàn kan títí ó fi dà bí òòrẹ̀, ó fi okùn gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, òórùn rẹ̀ sì gba ibi gbogbo. Ó fi òwú wé agolo kọfí yíká, ó lẹ bọ́tìnnì mọ́ ti ṣúgà, ó fi ti iyọ̀ sílẹ̀ lásán. Ó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ẹ̀yìn àga méjèèjì. Nígbà tó ṣe é tán, ó rìn káàkiri ilé náà léraléra, ó ń fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ̀ pé ó dúró dáadáa.

Yìnyín ń bọ́ nígbà tí Marlene dé. Ìborùn onírun àgùntàn tí ìyá rẹ̀ hun fún un wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Màámi."

"Tilẹ̀kùn. Òtútù yẹn kì í ṣe àlejò mi."

Marlene yí ilé ká. Ó ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló bá yín ṣe gbogbo èyí?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì."

"Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ ò sì gbé iná kankan kọ́."

"Iná ìta ti tó. Inú ilé mi kò nílò rẹ̀."

"Ríbọ́ọ̀nù àga kan pupa, ti èkejì búlúù."

"Ibi tí pupa tán sí ni búlúù ti bẹ̀rẹ̀. Jókòó."

Aili gé búrẹ́dì. Ó da kọfí sínú ife méjì, ìka rẹ̀ kan wà létí ife. Kò ta sílẹ̀ rárá.

Ọdọọdún ní àsìkò yìí ni Marlene máa ń mú àwòrán tí wọ́n ya ọmọ rẹ̀ nílé ìwé wá. Ó fa àwòrán kan yọ nínú báàgì, ó tì í sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ wo èyí ná, ká tó sọ̀rọ̀."

Aili gbé e síwájú ojú rẹ̀.

"Ó mà ti dàgbà o," ló wí. "Imú Reino gan-an ló gbé."

Marlene gbé ojú kúrò lára àwòrán náà. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo àwọn agolo orí pẹpẹ. Ó wo ọsàn tó ń yí lórí okùn. Kọfí rẹ̀ tutù níwájú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Imú Bàámi ni."

"Ọ̀rọ̀ wo lo fẹ́ sọ?"

"Kò sí."

"O ní tí ilé bá ṣì rí bó ṣe rí."

"Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Mi ò lọ síbì kankan nìyẹn."

"Ẹ ò lọ síbì kankan. Orí yín le jù."

"Ìwọ náà kò ra tìẹ lọ́jà."

Marlene ní òun fẹ́ lo ilé ìwẹ̀ kí òun tó gbéra. Aili gbọ́ agogo. Marlene pẹ́ díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó padà wá. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó jáde sínú yìnyín, kò sí ìborùn lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

Aili dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìró ọkọ̀ fi lọ tán. Ó ti borí. Ó wọlé, ó fọ ife méjèèjì. Àwòrán náà ṣì wà lórí tábìlì: ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Green Bay, yàrá kan, ibùsùn kan, kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀.

Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó ń fi ọwọ́ wá agogo lára ògiri bó ti ń ṣe láti ìgbà tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àjà-ilẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó sì bá ìborùn tí òun fúnra rẹ̀ hun fún Marlene níbẹ̀, tí wọ́n ti ta á ní kókó méjì mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn náà, kí ó má baà ṣì í ṣí mọ́.