Ṣé Ẹrù Dúró?

Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta àti àpò èlùbọ́ ló ká mi mọ́ àárín nínú tírélà kékeré tí ọkọ̀ Bámgbádé, ọmọ àbúrò mi, ń fà. Ó fi okùn gba orúnkún mi kọjá kí n má baà ré bọ́. Ilẹ̀ ṣú bá wa nínú igbó. Tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, á kígbe, "Màámi, ṣé ẹrù dúró?" Èmi á ní, "Ó dúró!" Á sì tẹná.

Àfi gbin-gbin! Aago kẹ̀kẹ́ kan dún. N kò fọwọ́ kàn án. Ìjókòó rẹ̀ rọra rì wálẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gùn ún. Mo wá ojú ìdì okùn títí, n kò rí i.

"Màámi, àbí ẹ ti sùn ni? Ṣé ẹrù dúró?"

Mo ké tagbáratagbára: "Dúró!"

Ṣùgbọ́n ohùn kan tó jọ tèmi ti fi "Ó" ṣíwájú rẹ̀, lẹ́bàá etí mi.

Bámgbádé bá tẹná.