Ohùn Làmídì

Nígbà ogun Hítílà, Làmídì ọkọ mi ló ń tan fìtílà fún àwọn ọkọ̀ òfurufú ogun tó ń bà ní pápá wa kí wọ́n tó forí lé Kánò. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà gbé òun náà lọ. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀run. Wọn kò dé Kánò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ìró ọkọ̀ òfurufú kan dákẹ́ lórí ilé wa. Òórùn kẹrosíìnì wọlé.

“Àwẹ̀ró!”

Làmídì nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò mí lẹ́nu. “Má dá a lóhùn! O ò rí ẹni tó ń pè ọ́.”

Ó pè lẹ́ẹ̀mẹta. Omijé mi ń kán sórí ọwọ́ Ìyá.

Ohùn náà wá rọ̀. “Ìyá mi.”

Ìyá gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu mi. “Òo, ọmọ mi,” ó ní, “mò ń bọ̀.”