Ojú Tó Ń Wò

"Ẹ jẹ́ kí n dágbére fún ọkọ mi!"

Nọ́ọ̀sì àdúgbò ti ní ọkùnrin náà ti kú. Àwọn tó fẹ́ gbé e lọ sí mọ́ṣúárì jáde sí pálọ̀.

Ìyàwó ti ilẹ̀kùn. Kíá, ẹkún ti tán.

Ó fa fóònù ọkọ rẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Fídíò kan wà níbẹ̀ tí ọkọ ti sọ pé ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ ni òun fi ilé sílẹ̀ fún. Ojú ọkọ nìkan ló sì ń ṣí fóònù ọ̀hún.

Ó ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀. Ó fi ìka la ìpéǹpéjú méjèèjì, ó gbé fóònù síwájú wọn.

Kò ṣí.

"Bàbá wọn, ẹ ti yọ mí lẹ́nu tó láyé. Ẹ ṣe èyí fún mi."

Ó tún gbé e síwájú ojú náà.

Fóònù ṣí.

Ó pa fídíò rẹ́. Ó da aṣọ bo ọkọ lójú padà, ó bú sẹ́kún, ó jáde.

Àbúrò ọkọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fóònù ṣe, rí fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Èmi ni mo ṣètò fóònù yẹn. Kéèyàn kàn lajú sílẹ̀ ò tó, àfi kí ojú yẹn máa wò ó. Kì í ṣí fún òkú."

Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn yàrá.

"Àbí ó ṣí?"

"Kò ṣí."

Ó yíjú sáwọn tó fẹ́ gbé òkú.

"Ẹ máa gbé wọn lọ. Ẹ má ṣí aṣọ lójú wọn o."