Ife Kan Ṣoṣo

"Ẹ wò ó fúnra yín, kò sí lára mi mọ́!" Akọ̀wé ẹgbẹ́ regbéregbé, ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, na ìwé àyẹ̀wò sókè láàárín ìpàdé. Láti ìgbà tó ti ń lo oògùn àrùn mẹ́dọ̀wú ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bu omi fún un nínú kọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀.

"A ti gbọ́," ni Fáṣadé wí, alága ẹgbẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. "Bó bá ti lọ, mu pẹ̀lú wa." Ó bu ọtí ṣínáàpù sínú ife kan ṣoṣo tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń mu láti ọdún tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Akọ̀wé ò nawọ́ gbà á. "Dókítà ní kí n má fẹnu kan ọtí mọ́ láé. Kòkòrò ti lọ, àmọ́ ó ti dá àpá sí ẹ̀dọ̀ mi."

"Ẹ ò rí i? Ó ṣì wà lára rẹ̀," ni Fáṣadé sọ fún àwọn yòókù.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni kan tilẹ̀ sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Akọ̀wé já ife náà gbà, ó mu ún dé ìdajì. Ọtí náà ta á lọ́fun títí omi fi lé ròrò sí i lójú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá ife padà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìwọ ló kàn."

Fáṣadé fi ìka méjì gbà á. Ó wò ó títí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ti àwọn ẹgbẹ́ wa tó ti kú nìyẹn," ló wí. "Ẹ bá wa mú ife mìíràn wá."