Ọṣẹ Mẹ́jọ

"Ẹ má tíì lọ, Tíṣà." Ọlọ́ṣẹ náà gba ọṣẹ dúdú ńlá róbótó tí Tíṣà Oyèkúnlé ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó gbé e sórí pákó. Ó to ọṣẹ róbótó kékeré méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú rẹ̀, ìbú méjèèjì pa pọ̀ sì bá ti ńlá náà dọ́gba. "Kékeré mélòó ló máa jáde nínú ńlá yìí?"

"Méjì ni. Ṣé ìyẹn náà gba ìbéèrè?"

"Ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn."

Lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nínú kíláàsì kan ní Erunmu, bọ́ọ̀lù ni Tíṣà fi béèrè ìbéèrè yìí. Ọlọ́ṣẹ yìí nìkan ló dáhùn pé mẹ́jọ. Tíṣà fún un lẹ́gba mẹ́jọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, kó lè mọ bí mẹ́jọ ṣe pọ̀ tó. Kò padà sílé ìwé mọ́.

Ọlọ́ṣẹ bu ọṣẹ ńlá náà wẹ́wẹ́. "Ẹ fọwọ́ ara yín yí i, kó rí bíi kékeré yìí."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí ìkíní, wọ́n yí ìkejì, ọṣẹ ṣì kún pákó. Nígbà tí wọ́n dé ìkarùn-ún, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu wọn. Ìkẹjọ ló tó gbá pákó mọ́.

Ọlọ́ṣẹ na ọwọ́ sí pàṣán tó fi kọ́ ara ògiri. "Ẹ tẹ́wọ́."

Tíṣà tẹ́wọ́, wọ́n dijú pinpin.

Ó fi pàṣán sílẹ̀, ó ka ọṣẹ náà lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn náà ṣe ka ẹgba lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ lọ fi fọ ọwọ́ yín. Tó bá tán tí wọn ò tíì mọ́, ẹ padà wá."